Bí a ṣe ń fi QMK kọ́ kíbọ́ọ̀dù ní Yorùbá

Ẹni tó bá ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) rí mọ̀ pé A ni lẹ́tà tó máa ń wà lókè lápá òsì. AZERTY ni gbogbo wa ń lò, bí àwọn Faransé ṣe fi lé wa lọ́wọ́. É, è, ç àti à ní bọ́tìnnì tiwọn lórí rẹ̀. Ẹ, ọ àti ṣ kò ní. Tí ẹ bá fẹ́ kọ orúkọ ìlú Ṣábẹ̀ẹ́ bó ṣe yẹ, ẹ ó lọ wá a kàn níbòmíràn kí ẹ dà á kọ, tàbí kí ẹ kọ Sabe kí ẹ sì gba kámú.

Mo gba kámú fún ọdún púpọ̀. Ohun tó mú mi kúrò níbẹ̀ ni kíbọ́ọ̀dù oníbọ́tìnnì 48 kan tí mo fi ọwọ́ ara mi jó wáyà rẹ̀ pọ̀. Inú rẹ̀ ni ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn ń gbé. Bí mo bá gbé e láti ilé lọ síbi iṣẹ́, Yorùbá ń bá a lọ. Ọ̀nà tí mo gbà ṣe é ni mo fẹ́ fi hàn yín níhìn-ín, pẹ̀lú ibi tí mo ti ṣubú, kí ẹ má baà ṣubú síbẹ̀.

QMK ni orúkọ fámúwíà tí a ó lò. Fámúwíà ni ètò kékeré tó ń gbé inú ṣíìpù kíbọ́ọ̀dù. Òun ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé bọ́tìnnì báyìí-báyìí ni ọwọ́ tẹ̀. Jack Humbert ló bẹ̀rẹ̀ QMK láti ara TMK tí ẹnì kan tó ń jẹ́ Hasu ti kọ ṣáájú. Kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba lábẹ́ ìwé àṣẹ GPL: ẹ lè kà á, ẹ lè tún un ṣe, ẹ kò sì ní san kọ́bọ̀.

Ohun tí ẹ ó kó jọ

Tí ẹ bá ti ní kíbọ́ọ̀dù tí orúkọ rẹ̀ wà nínú fódà `keyboards` ti QMK, ẹ fo apá yìí. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ ṣọ́: èyí tó bá ń lo ṣíìpù ATmega32U4 ní kílóbáìtì 32 péré, ètò tó ń gba fámúwíà wọlé sì ti jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé fáìlì ti tóbi jù, ẹ kọ `LTO_ENABLE = yes` àti `MOUSEKEY_ENABLE = no` sínú `rules.mk`, á dín kù.

Èmi lo Raspberry Pi Pico, pátákó kékeré tó ti ní ṣíìpù lórí. Dọ́là 4 ni iye rẹ̀ nígbà tó jáde ní oṣù kìíní ọdún 2021. Kó tó dé Àjàṣẹ́, ẹni tó bá yín gbé e wá á ti fi tirẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n kò tí ì wọ́n. Ṣíìpù RP2040 ló wà lórí rẹ̀, mẹ́gábáìtì 2 sì ni àyè tó wà fún fámúwíà. A kò ní lò ó tán.

Ẹ ó tún nílò súwíìṣì 48, dáyóòdù 1N4148 48 (dáyóòdù ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo), wáyà tẹ́ẹ́rẹ́, àti okùn USB. Kí ẹ tó lọ ra dáyóòdù, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò yín. Inú agolo mílíìkì ni wọ́n máa ń kó o sí, ẹni tí ẹ bá sì bá lórí tábìlì yẹn lè bá yín jó wáyà náà pọ̀ bí ọwọ́ yín kò bá dá a.

Ní ti okùn USB: àwọn kan wà tí iná nìkan ló ń gba inú wọn kọjá. Wọ́n á fún fóònù ní iná, ṣùgbọ́n wọn kò lè gbé fáìlì. Èyí tí mo rà lójú títì nìyẹn, odindi ọjọ́ kan ni mo sì fi rò pé Pico mi ti kú. Ẹ fi okùn tí ẹ ti fi kó fọ́tò láti fóònù sí kọ̀ǹpútà rí ṣe é.

Wáyà jíjó

Ẹ fojú inú wo ebè lóko. Ìlà 4 lọ ní ìbú, ìlà 12 lọ ní òòró, súwíìṣì kan wà níbi gbogbo tí méjèèjì ti pàdé. Dípò wáyà 48, wáyà 16 péré ni yóò wọ inú Pico. Ìlà òòró ni QMK ń pè ní `cols`, ìlà ìbú ni `rows`.

Ẹsẹ̀ kan súwíìṣì lọ sí ìlà òòró tààrà. Ẹsẹ̀ kejì gba inú dáyóòdù lọ sí ìlà ìbú. Dáyóòdù ní òrùka dúdú ní ìdí kan. Òrùka yẹn ni kó kọjú sí ìlà ìbú. Láìsí dáyóòdù, bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, kọ̀ǹpútà lè rí ẹ̀kẹrin tí ọwọ́ yín kò kàn.

Èmi jó gbogbo 48 sódì. Òru méjì ni mo fi ṣe é, nígbà tí mo sì so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kò sí bọ́tìnnì kan tó fọhùn. Mo ti gbé írọ̀nù padà sórí iná láti tú gbogbo rẹ̀ kí n tó rí i pé ọ̀rọ̀ kan nínú fáìlì tí a ó ṣí láìpẹ́ ni mo ní láti yí: `COL2ROW` di `ROW2COL`. Gbogbo wọn jí. Tó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ni ẹ jó sódì, ìyẹn ò ní àbùjá. Ẹ tú u.

Ẹ tún ṣọ́ nọ́ńbà ara Pico. Nọ́ńbà ẹsẹ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí nọ́ńbà GP. Ẹsẹ̀ 1 ni GP0, ẹsẹ̀ 2 ni GP1, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ 3 jẹ́ ilẹ̀, GND, kí GP2 tó wá bọ́ sí ẹsẹ̀ 4. Nọ́ńbà GP ni QMK mọ̀. Ẹ yí Pico dojú dé, a ti kọ gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀yìn.

Fífi QMK sórí kọ̀ǹpútà

Lórí Windows, ẹ gba QMK MSYS sílẹ̀. Gbogbo irinṣẹ́ ti wà nínú rẹ̀. Lórí Linux àti Mac, àṣẹ tí ẹ ó lò wà lójú ìwé docs.qmk.fm. Lẹ́yìn náà, nínú tẹ́míná:

```
qmk setup
qmk doctor
```

Àṣẹ kìíní ń kó gbogbo kóòdù QMK wá sínú fódà `qmk_firmware`. Ó wúwo. Ẹ má fi dátà orí fóònù tó kù díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ wá ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti dára, ẹ jẹ́ kó máa wá lóru. Àṣẹ kejì ń wò bóyá ohun gbogbo pé. Bó bá sọ pé ó kù síbì kan, ohun tó sọ ni kí ẹ ṣe.

Ojú ìwé kan wà tó ń jẹ́ config.qmk.fm tí ẹ ti lè to bọ́tìnnì láìgba ohunkóhun sílẹ̀. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ gbé lẹ́tà kan láti ibì kan sí ibòmíràn. Kò lè ṣe ohun tí a fẹ́ ṣe yìí, torí kò jẹ́ kí a fọwọ́ kan `rules.mk`.

Ẹ fún kíbọ́ọ̀dù lórúkọ

```
qmk new-keyboard
```

Yóò bi yín lórúkọ. Ẹ kọ `handwired/ajase`, láìsí àmì, láìsí lẹ́tà ńlá. Yóò bi yín ní ìtò bọ́tìnnì. Ẹ mú `ortho_4x12`. Yóò bi yín ní ṣíìpù. Ẹ mú `RP2040`. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí `keyboards/handwired/ajase/keyboard.json`, kí ẹ sì tún ibi yìí kọ bí wáyà yín ṣe lọ:

```
"diode_direction": "COL2ROW",
"matrix_pins": {
  "cols": ["GP0","GP1","GP2","GP3","GP4","GP5",
           "GP6","GP7","GP8","GP9","GP10","GP11"],
  "rows": ["GP12","GP13","GP14","GP15"]
},
```

Ẹ má fọwọ́ kan ìyókù.

Lẹ́tà wo ni a fẹ́, báwo ni a sì ṣe fẹ́ ẹ?

Kí ẹ tó kọ kóòdù kankan, ẹ jẹ́ ká rò ó, nítorí ibí ni àwa ará Bẹ̀nẹ̀ ti yàtọ̀ sí àwọn ará wa ní Nàìjíríà. Nínú ìwé ìròyìn wọn àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ, ọ àti ṣ ni wọ́n ń kọ. Níhìn-ín, álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè wa tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1975, tí wọ́n sì tún yẹ̀ wò ní 1990, ní ká kọ ɛ, ɔ àti sh. Àbúrò mi kan ní Kétu ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà. Bí mo bá fi ìwé tó ní ẹ ránṣẹ́ sí i, á dá a padà: “Ẹ̀gbọ́n, wọn ò tíì mọ èyí o.” Bí mo bá sì fi ɛ kọ̀wé sí ará Ìbàdàn, á bi mí bóyá èdè Gùn ni mo ń kọ. Nítorí náà, kíbọ́ọ̀dù mi ní láti gbọ́ méjèèjì.

Ní ti àmì ohùn, ẹ rántí pé à àti é ní nọ́ńbà tiwọn nínú Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. Kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo tó dúró fún ẹ́, ọ̀ tàbí ɛ́. Lẹ́tà á kọ́kọ́ wọlé, àmì á sì gun orí rẹ̀. Nítorí èyí ni mo fi ṣe é pé kí àmì máa tẹ̀lé lẹ́tà nígbà gbogbo: ẹ tẹ lẹ́tà, ẹ tẹ àmì. Ẹni tí AZERTY ti mọ́ lára á kọ́kọ́ máa ṣì í, torí ^ ti Faransé máa ń ṣáájú lẹ́tà ni. Ọ̀sẹ̀ kan péré, ọwọ́ á mọ̀ ọ́n.

Ibo wá ni àmì á wà? Ẹ ka ìlà kan nínú Yorùbá tí a fàmì sí dáadáa, ẹ ka iye àmì tó wà níbẹ̀. Kò yẹ kí ohun tí à ń tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ ìka tó kéré jù lọ ní kọ́nà. Mo fi í fún àwọn àtàǹpàkò: àmì ohùn ìsàlẹ̀ lápá òsì bọ́tìnnì àlàfo, àmì ohùn òkè lápá ọ̀tún rẹ̀.

Kíkọ kóòdù

```
qmk new-keymap -kb handwired/ajase -km yoruba
```

Nínú fódà `keymaps/yoruba`, ẹ ṣẹ̀dá `rules.mk`, ìlà kan péré ni yóò wà nínú rẹ̀:

```
UNICODEMAP_ENABLE = yes
```

Ẹ ṣẹ̀dá `config.h`:

```
#define UNICODE_SELECTED_MODES UNICODE_MODE_LINUX, UNICODE_MODE_WINCOMPOSE
```

Èyí ń sọ fún kíbọ́ọ̀dù pé ọ̀nà méjì ni yóò máa gbà bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń lo Mac á fi `UNICODE_MODE_MACOS` kún un.

Ó wá ku `keymap.c`. Bí ẹ bá bá `keymap.json` nínú fódà yẹn, ẹ pa á rẹ́ kí wọ́n má baà figa gbága. Orí rẹ̀ rèé:

```
#include QMK_KEYBOARD_H

enum leta {
    E_K, E_N, O_K, O_N, S_K, S_N,
    EB_K, EB_N, OB_K, OB_N,
    ISALE, OKE
};

const uint32_t PROGMEM unicode_map[] = {
    [E_K]  = 0x1EB9, [E_N]  = 0x1EB8,  // ẹ Ẹ
    [O_K]  = 0x1ECD, [O_N]  = 0x1ECC,  // ọ Ọ
    [S_K]  = 0x1E63, [S_N]  = 0x1E62,  // ṣ Ṣ
    [EB_K] = 0x025B, [EB_N] = 0x0190,  // ɛ Ɛ
    [OB_K] = 0x0254, [OB_N] = 0x0186,  // ɔ Ɔ
    [ISALE] = 0x0300, [OKE] = 0x0301,
};
```

K dúró fún kékeré, N fún ńlá, B fún Bẹ̀nẹ̀. Ìpele ìsàlẹ̀, èyí tí ẹ ó máa lò láti àárọ̀ dalẹ́, rí báyìí:

```
[0] = LAYOUT_ortho_4x12(
 KC_TAB,  KC_A, KC_Z, KC_E, KC_R, KC_T, KC_Y, KC_U, KC_I, KC_O, KC_P, KC_BSPC,
 KC_ESC,  KC_Q, KC_S, KC_D, KC_F, KC_G, KC_H, KC_J, KC_K, KC_L, KC_M, KC_QUOT,
 KC_LSFT, KC_W, KC_X, KC_C, KC_V, KC_B, KC_N, KC_COMM, KC_DOT, KC_SLSH, KC_MINS, KC_RSFT,
 KC_LCTL, KC_LGUI, KC_LALT, TG(2), MO(1), UM(ISALE), KC_SPC, UM(OKE), MO(4), KC_LEFT, KC_RGHT, KC_ENT
),
```

Ẹ wò ó, A àti Z wà níbi tí ọwọ́ yín ti mọ̀ wọ́n. Inú kíbọ́ọ̀dù ni AZERTY wà báyìí, èyí yóò sì ṣe pàtàkì láìpẹ́.

Ẹ mú ìpele bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. `MO(1)` ń gbé yín gòkè níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, ẹ ti padà sísàlẹ̀. `TG(2)` ń ṣí ìpele kejì sílẹ̀ títí ẹ ó fi tún tẹ̀ ẹ́. `_______` túmọ̀ sí pé bọ́tìnnì yẹn ṣì ń ṣe ohun tó ń ṣe nísàlẹ̀. Ìpele 1 jẹ́ `_______` níbi gbogbo, àfi ìlà méjì òkè:

```
 _______, _______, _______, UP(E_K, E_N), _______, _______, _______, _______, _______, UP(O_K, O_N), _______, _______,
 _______, _______, UP(S_K, S_N), _______, _______, _______, _______, _______, _______, _______, _______, _______,
```

`UP` gba lẹ́tà méjì: èkínní nígbà tí Shift kò sí níbẹ̀, èkejì nígbà tó bá wà. `UM` gba ọ̀kan ṣoṣo.

Ìpele 2 jẹ́ `_______` pátápátá, àyàfi bọ́tìnnì karùn-ún ìlà ìsàlẹ̀ tí ẹ ó fi `MO(3)` sí. Ìpele 3 dà bí ìpele 1, ṣùgbọ́n `UP(EB_K, EB_N)` àti `UP(OB_K, OB_N)` ló wà níbi E àti O, ibi S sì jẹ́ `_______`, torí s àti h ni wọ́n ń kọ. Ẹ rí ọgbọ́n rẹ̀: àtàǹpàkò kan náà, ibì kan náà. Bí `TG(2)` bá wà ní títì, ẹ ni yóò mú wá; bó bá ṣí, ɛ ni.

Ìpele 4 ni tiyín. Nọ́ńbà lọ síbẹ̀, àwọn àmì yòókù lọ síbẹ̀, lẹ́tà Faransé náà lọ síbẹ̀: é ni 0x00E9, è ni 0x00E8, ç ni 0x00E7, à ni 0x00E0, ù ni 0x00F9. Àmì 0x0302 á fi fìlà lé orí ê. Ẹ to gbogbo wọn sí ìsàlẹ̀ `OKE` nínú àwọn àkọsílẹ̀ méjèèjì, ẹ má tò wọ́n sí àárín. Ẹ tún gbọ́dọ̀ fi `UC_NEXT` àti `QK_BOOT` síbẹ̀, nítorí ẹ ó nílò wọn láìpẹ́.

Ìkìlọ̀ kan kí ẹ tó kúrò níbí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é, mo fẹ́ jẹun lójú méjì. Mo ní kí bọ́tìnnì kan náà jẹ́ àmì ìsàlẹ̀ bí mo bá tẹ̀ ẹ́ fẹ́rẹ́, kó sì gbé mi lọ sí ìpele 1 bí mo bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀: `LT(1, UM(ISALE))`. Kò sí ẹ̀sùn kankan nígbà tí mo kọ̀ǹpáìlì rẹ̀, ìyẹn nígbà tí mo sọ kóòdù náà di fámúwíà. Mo kọ “bàtà”, ó gbé “bagtag” jáde. Mo yẹ̀ ẹ́ wò títí ó fi yé mi. Àyè tí `LT` ní fún lẹ́tà kéré, nọ́ńbà tí kò ju 255 lọ ló lè gbà, ó sì ń gé ìyókù dànù. Bí ẹ bá ka àkọsílẹ̀ wa láti òdo, `ISALE` bọ́ sí 10. Nínú nọ́ńbà tí USB fún àwọn bọ́tìnnì kíbọ́ọ̀dù, 10 ni G. Àmì òkè ì bá máa mú h wá. Ẹ fi `LT` sílẹ̀ fún lẹ́tà lásán.

Kíkọ̀ǹpáìlì àti gbígbé e wọ inú Pico

```
qmk compile -kb handwired/ajase -km yoruba
```

Bí kóma kan bá sọnù, yóò sọ fáìlì àti nọ́ńbà ìlà tó ti sọnù. Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ ni kí ẹ bójú tó. Ọmọ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó tẹ̀lé e. Nígbà tó bá dán mọ́rán, ẹ ó rí `handwired_ajase_yoruba.uf2` nínú fódà `qmk_firmware`.

Ẹ yọ okùn. Ẹ tẹ bọ́tìnnì funfun kékeré tó ń jẹ́ BOOTSEL lórí Pico mọ́lẹ̀, ẹ ki okùn bọ̀ ọ́, kí ẹ tó fọwọ́ sílẹ̀. Fódà kan tó ń jẹ́ RPI-RP2 yóò jáde bí ìgbà tí ẹ ki fláàṣì USB bọ kọ̀ǹpútà. Ẹ da fáìlì `.uf2` sínú rẹ̀. Fódà yẹn á pòórá fúnra rẹ̀; ẹ má bẹ̀rù, ó ti gbà á nìyẹn. Bí iná bá lọ láàárín, kò sí ìṣòro. Ibi tí kò ṣeé pa rẹ́ nínú ṣíìpù ni ètò tó ń gba fáìlì wọlé wà, ẹ kàn bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Láti ìgbà kejì lọ, `QK_BOOT` á ṣe iṣẹ́ BOOTSEL, ẹ kò ní máa tú àpótí rẹ̀.

Kí kọ̀ǹpútà gbọ́ ohun tí kíbọ́ọ̀dù ń sọ

Ibí ni ó ti máa ń sú ọ̀pọ̀ èèyàn. Kò sí bọ́tìnnì ẹ nínú èdè USB. Ohun tí QMK ń ṣe ni pé ó ń tẹ nọ́ńbà lẹ́tà náà kíákíá fún yín. Lórí Linux, ó ń tẹ Ctrl+Shift+U, ó tẹ 1eb9, ó tẹ àlàfo. IBus, ètò tó ń bójú tó lẹ́tà títẹ̀ lórí Linux, á sì sọ ọ́ di ẹ. Lórí Windows, ẹ kọ́kọ́ fi WinCompose síbẹ̀, ètò ọ̀fẹ́ ni; òun ló ń gba nọ́ńbà náà. `UC_NEXT` ni ẹ ó máa tẹ̀ láti yí láti ọ̀nà Linux sí ọ̀nà Windows. Kíbọ́ọ̀dù á rántí èyí tí ẹ lò kẹ́yìn, kódà bí ẹ bá yọ okùn.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ síbi iṣẹ́, mo tẹ lẹ́tà “ẹ́”, ohun tí mo rí lójú ìwé nìyí:

```
&ebç à"à&
```

Àṣìṣe méjì ló wà nínú rẹ̀. Èkínní, mo fi kíbọ́ọ̀dù sí ọ̀nà Linux, orí Windows ni mo sì wà. Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan ì bá fún mi ní “1eb9 0301”. Èkejì ni pé kọ̀ǹpútà náà wà lórí AZERTY, lórí AZERTY sì rèé, bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì 1 láìsí Shift, & ni; 9 jẹ́ ç, 0 jẹ́ à, 3 sì jẹ́ ". QMK kò mọ ohun tí kọ̀ǹpútà ń pe bọ́tìnnì. Ibi tí bọ́tìnnì wà nìkan ló ń sọ. Nítorí náà, bí ẹ bá rí nọ́ńbà tó ṣe geere, ẹ tẹ `UC_NEXT`. Bí ẹ bá rí & àti ç, kọ̀ǹpútà ni kí ẹ lọ bá.

Ẹ lọ síbi ètò kíbọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà yín, ẹ fi “Anglais (États-Unis)” kún èyí tó wà níbẹ̀. Ẹ má yọ ti Faransé kúrò. Windows+Espace ni ẹ ó fi máa yí láàárín méjèèjì, lórí ọ̀pọ̀ Linux náà. Nígbà tí ẹ bá ń lo kíbọ́ọ̀dù tuntun, ẹ mú Anglais. A á ṣì wà níbi A, torí a ti to AZERTY sínú rẹ̀ fúnra wa. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ padà sí ti ara láptọ̀pù, ẹ yí i sí Français.

Bí lẹ́tà kan bá ń sọnù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà tó ti dàgbà, ẹ fi `#define UNICODE_TYPE_DELAY 30` kún `config.h`, kí kíbọ́ọ̀dù má baà sáré ju kọ̀ǹpútà lọ. Fóònù Android kò ní ọ̀nà tí QMK lè gbà fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí i; lẹ́tà lásán ni yóò gbà.

Nǹkan kan ṣì wà tí kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. À tí a fi a àti àmì kọ yàtọ̀ lábẹ́nú sí à tó ní nọ́ńbà tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kò lè dá wọn mọ̀. Àwọn ètò kan mọ̀ pé ọ̀kan náà ni wọ́n, àwọn mìíràn kò mọ̀. Bí ẹ bá ń wá “àgbà” nínú ìwé tí ẹlòmíràn tẹ̀, tí kò sì rí i, ìdí rẹ̀ nìyẹn. Nínú lẹ́tà Faransé, èmi máa ń lo é àti à orí ìpele 4, kí ètò tó ń yẹ sípẹ́lì wò má baà fi ìlà pupa sí gbogbo rẹ̀.

Ẹ dán an wò

Ọ̀rọ̀ tí mo fi ń dán kíbọ́ọ̀dù wò ni Ṣábẹ̀ẹ́, nítorí kò sí apá kan iṣẹ́ yìí tí kò kàn. Àtàǹpàkò òsì lórí `MO(1)`, Shift ọ̀tún, S: Ṣ. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. A, àtàǹpàkò ọ̀tún: á. B. `MO(1)` pẹ̀lú E, ẹ fi í sílẹ̀, àtàǹpàkò òsì sún díẹ̀ sí ọ̀tún: ẹ̀. `MO(1)` pẹ̀lú E, àtàǹpàkò ọ̀tún: ẹ́. Bí àmì bá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà dípò orí rẹ̀, kíbọ́ọ̀dù kọ́ ló ṣẹ̀, fọ́ǹtì ni. Ẹ gbìyànjú Noto Sans tàbí Charis SIL.

Ẹ tẹ `TG(2)`, kí ẹ tún un kọ, kí Sh rọ́pò Ṣ: Shábɛ̀ɛ́.

Mo ti jó irú rẹ̀ kan fún àbúrò mi ti Kétu. Láti ọjọ́ kìíní ni ó ti ń lo `TG(2)` tirẹ̀ ní ṣíṣí. Ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ó sún mọ́ `MO(1)` jù, ó máa ń ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà Nàìjíríà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láàárín iṣẹ́ kíláàsì. A gbé e lọ sí ìpele 4, lẹ́gbẹ̀ẹ́ `QK_BOOT`. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fi bọ́tìnnì kan sí àárín méjèèjì, nítorí ẹni tó bá ṣèèṣì tẹ `QK_BOOT` á rí i pé kíbọ́ọ̀dù dákẹ́ lọ gbári, RPI-RP2 á sì yọ lójú kọ̀ǹpútà. Bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, ẹ yọ okùn, kí ẹ tún kì í bọ̀ ọ́.